Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Àwọn Dókítà DO: Ohun tí Ìwádìí Àìpẹ́ Yìí Sọ nípa Osteopathy àti Ẹ̀kọ́ Ìṣègùn Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ni ọkàn wọn kì í balẹ̀ bí ọmọ bá mú ìwé ìgbaniwọlé ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn wálé, tí wọ́n sì rí i pé oyè DO (Doctor of Osteopathic Medicine, oyè dókítà ti ẹ̀ka osteopathy) ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, kì í ṣe MD (Doctor of Medicine) tí gbogbo ayé mọ̀. Àwọn ẹbí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù yóò tún bù ú lé e pé osteopath tí àwọn mọ̀ ládùúgbò kì í kọ oògùn fún ènìyàn. Ìbéèrè méjì ló máa ń lọ́ mọ́ra wọn nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: èkínní ni bóyá dókítà pérépéré ni DO, èkejì ni bóyá ìtọ́jú ọwọ́ tí a fi ń dá wọn mọ̀ ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ìwádìí ti dáhùn èkínní. Èkejì ṣì wà nílẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ sì ń yàtọ̀ láti àìsàn kan sí òmíràn. Ìdí nìyí tí a fi yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú àwọn ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀ yìí.

Ta ló dá osteopathy sílẹ̀, kí sì ni èrò rẹ̀?

Andrew Taylor Still ni, ẹni tí wọ́n bí ní ìpínlẹ̀ Virginia ní ọdún 1828. Bàbá rẹ̀ jẹ́ oníwàásù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tó tún ń ṣe ìṣègùn, Still náà sì kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1864, àrùn yírùnyírùn, èyí tó máa ń ba awọ tó bo ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn jà, pa mẹ́ta nínú àwọn ọmọ rẹ̀, gbogbo oògùn tí àwọn dókítà ìgbà náà mọ̀ kò sì rí nǹkan kan ṣe sí i. Ẹ má gbàgbé irú oògùn tó wà lóde lákòókò yẹn: mẹ́kúrì tó ń ba eyín àti kíndìnrín jẹ́, ọtí líle, opium, àti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń dà sílẹ̀ lára aláìsàn tí kò ní èyí tó tó tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá kọ ẹ̀yìn sí irú ìṣègùn bẹ́ẹ̀ kò jẹ̀bi.

Still wá gbà pé ara ènìyàn ní agbára láti wo ara rẹ̀ sàn bí eegun, iṣan àti oríkèé bá wà ní ipò wọn, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń lọ geere. Ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1874 ni òun fúnra rẹ̀ kà sí ọjọ́ tí èrò náà bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1892 ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Kirksville, ní ìpínlẹ̀ Missouri, ó sì gba àwọn obìnrin sínú kíláàsì àkọ́kọ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ó kú ní ọdún 1917. Lónìí kò sí ilé-ẹ̀kọ́ DO tó ń kọ́ ọmọ pé eegun ẹ̀yìn tó yẹ̀ ni orísun gbogbo àìsàn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tó kórìíra oògùn. Ohun tó ṣẹ́kù nínú ogún Still ni wíwo aláìsàn gẹ́gẹ́ bí odidi ènìyàn àti lílo ọwọ́ láti fi mọ àìsàn àti láti fi tọ́jú rẹ̀.

Ṣé dókítà pérépéré ni DO ní Amẹ́ríkà?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní gbogbo ìpínlẹ̀ 50, DO lè kọ oògùn, ó lè ṣe iṣẹ́ abẹ, ó lè gbẹ̀bí, ó lè di oníṣègùn ọkàn tàbí ti ọpọlọ. Iye wọn ti kọjá 140,000, ó sì ju ẹyọ kan nínú akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn mẹ́rin ní orílẹ̀-èdè náà tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ DO. Ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin ni lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, lẹ́yìn náà ni residency, ìyẹn ìdálẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, tí gígùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀ka tí ènìyàn bá yàn. Sean Conley tó jẹ́ dókítà Ààrẹ Trump ní sáà rẹ̀ àkọ́kọ́ àti Kevin O'Connor tó jẹ́ dókítà Ààrẹ Biden, DO ni àwọn méjèèjì.

Àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀ kò tẹ́jú. Ìjábọ̀ Flexner ti ọdún 1910, tó yẹ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn wò tó sì mú kí wọ́n ti ọ̀pọ̀ nínú wọn pa, bẹnu àtẹ́ lu àwọn ilé-ẹ̀kọ́ osteopathy náà. Títí di ọdún 1966 ni àwọn ológun Amẹ́ríkà kò fi gba DO sí ipò dókítà. Èyí tó yani lẹ́nu jù lọ ni ti California ní ọdún 1962. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà àti ẹgbẹ́ àwọn dókítà dìmọ̀ pọ̀: DO tó bá fẹ́ lè san owó dọ́là 65, kí ó lọ síbi ìdálẹ́kọ̀ọ́ kúkúrú, kí wọ́n sì fún un ní oyè MD, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ náà kò ní fún DO tuntun kankan ní láísẹ́ńsì mọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló gbà bẹ́ẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ wọn di ti MD, òun náà ló padà di ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì California ní Irvine. Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ìpínlẹ̀ náà ló wá pàṣẹ ní ọdún 1974 pé kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún DO ní láísẹ́ńsì. Bí ẹ bá rò ó dáadáa, ẹ óò rí i pé bí dọ́là 65 bá lè sọ DO di MD, a jẹ́ pé ìyàtọ̀ ìmọ̀ tó wà láàárín wọn ní ọdún náà kò tó bí wọ́n ti ń pariwo rẹ̀.

Kí ló dé tí osteopath ní Ìlú Ọba kì í fi í ṣe dókítà?

Nítorí pé ẹ̀ka méjì ni igi náà yà sí. John Martin Littlejohn, ọmọ Glasgow tó lọ kọ́ṣẹ́ ní Kirksville, dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1917, ṣùgbọ́n ìṣègùn òyìnbó pátá kò sí nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ bí ó ti wà ní Amẹ́ríkà. Òfin Osteopaths Act ti ọdún 1993 ló dá General Osteopathic Council sílẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé wọn kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní osteopath. Iṣẹ́ tó ní òfin àti ọ̀wọ̀ ni, ṣùgbọ́n wọn kì í kọ oògùn, wọn kì í sì í ṣe iṣẹ́ abẹ. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2010 fún irú ẹ̀kọ́ yìí béèrè wákàtí 4,200, kí ó kéré tán 1,000 nínú rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ aláìsàn. Ẹni tó gba irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ní Yúróòpù kò lè fi í wọ residency ní Amẹ́ríkà. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń bá ẹbí sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ kọ́kọ́ béèrè orílẹ̀-èdè tí wọ́n ní lọ́kàn.

Ǹjẹ́ aláìsàn tó bọ́ sọ́wọ́ DO ní ilé ìwòsàn ń kú ju ti MD lọ?

Rárá. Èyí ni ìwádìí tí mo máa ń kọ́kọ́ tọ́ka sí bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú Annals of Internal Medicine ní ọdún 2023. Àwọn olùwádìí náà yẹ ìgbà 329,510 tí wọ́n dá àwọn àgbàlagbà ọlọ́dún 65 sókè tó wà lórí Medicare, ètò ìbánigbófò ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, dúró sí ilé ìwòsàn wò, láàárín ọdún 2016 sí 2019. Dókítà MD ló tọ́jú ìpín 77 nínú ọgọ́rùn-ún, DO ló tọ́jú ìpín 23 tó kù. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ro ọjọ́ orí, àìsàn àti ilé ìwòsàn mọ́ ọn, àwọn tó kú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ jẹ́ ìpín 9.4 lọ́wọ́ MD àti 9.5 lọ́wọ́ DO. Àwọn tó tún padà wọ ilé ìwòsàn jẹ́ ìpín 15.7 àti 15.6. Iye ọjọ́ tí wọ́n lò níbẹ̀ bára mu, owó tí ìjọba ná sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba: dọ́là 1,004 sí 1,003.

Ohun kan ló yẹ ká kíyè sí. Kì í ṣe pé wọ́n ṣẹ́ gègé láti mọ dókítà tí aláìsàn yóò bọ́ sí lọ́wọ́. Àkọsílẹ̀ tó wà nílẹ̀ ni wọ́n lò, àwọn àgbàlagbà tó dùbúlẹ̀ nítorí àìsàn inú ara nìkan ni wọ́n sì wò. Kò sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ abẹ tàbí ìtọ́jú ọmọdé. Síbẹ̀, iye náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí àlàfo gidi bá wà, ì bá ti hàn.

Kí ni ìtọ́jú ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní OMT?

Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ DO ló ń lo nǹkan bíi 200 wákàtí lé lórí ẹ̀kọ́ ìṣègùn yòókù láti fi kọ́ ọ. Orúkọ kan ṣoṣo ló ń jẹ́, ṣùgbọ́n oríṣiríṣi nǹkan ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan wà tí aláìsàn yóò fi apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ọwọ́ dókítà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, yóò dẹ̀ ẹ́, dókítà yóò sì rọra gbé oríkèé náà síwájú díẹ̀ sí i. Òmíràn ni títa oríkèé lójijì títí yóò fi dún. Òmíràn sì rọ̀ débi pé ẹni tó ń wò ó lè rò pé dókítà kàn gbé ọwọ́ lé aláìsàn ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àpèjúwe èyí tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí kò lè mí dáadáa. Aláìsàn dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn. Dókítà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ẹ̀yìn, ó tẹ orí ìka rẹ̀ kọdọrọ sí ibi tí eegun ìhà ti tẹ̀ nítòsí ọ̀pá ẹ̀yìn. Kò fi ìka gbé e. Apá rẹ̀ ló tẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì, tí ìka fi gbé eegun ìhà sókè tó sì fà á wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó sún lọ sí ìhà tó tẹ̀ lé e títí yóò fi dé ìsàlẹ̀, kí ó tó lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Aláìsàn tó rẹ̀ kò ní láti dìde jókòó, ìdí nìyí tí wọ́n fi lè ṣe é fún ẹni tí ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn.

Ṣé OMT ń wo ẹ̀yìn ríro sàn?

Ibí ni ẹ̀rí ti pọ̀ jù, ibí náà sì ni àríyànjiyàn ti gbóná jù. Ìwádìí mẹ́ta ló yẹ kí ẹ mọ̀.

Èyí àkọ́kọ́ jáde nínú New England Journal of Medicine ní ọdún 1999. Wọ́n ṣẹ́ gègé pín àwọn 178 tí ẹ̀yìn ń ro sí méjì: apá kan gba ìtọ́jú ọwọ́, apá kejì gba ìtọ́jú tí dókítà máa ń ṣe fún irú wọn. Ara àwọn méjèèjì yá bákan náà, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n fi ọwọ́ tọ́jú kò lo oògùn tó ti àwọn yòókù. Ẹ má fojú kékeré wo ti oògùn yẹn. Oògùn apàrora máa ń ba inú àti kíndìnrín jẹ́ bí ènìyàn bá ń lò ó pẹ́.

Èkejì wáyé ní agbègbè Dallas àti Fort Worth ní Texas, John Licciardone ló ṣáájú rẹ̀, ó sì jáde nínú Annals of Family Medicine ní ọdún 2013. Àwọn 455 tí ẹ̀yìn ti ń ro tipẹ́ ló kópa. Apá kan gba OMT lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, apá kejì gba ìtọ́jú àfarawé tó jọ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, ìrora ìpín 63 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba OMT ti dín kù ní ìwọ̀n tó ṣe é rí, ìpín 46 ni ti àwọn tó gba àfarawé. Àwọn tí ìrora wọn dín kù dé ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ ìpín 50 sí ìpín 35. Ìwádìí kan náà dán ẹ̀rọ ultrasound wò fún ẹ̀yìn ríro, kò sì rí àǹfààní kankan nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló da omi tútù sí ọ̀rọ̀ náà. Ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ṣe é, JAMA Internal Medicine sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2021. Ènìyàn 400, ìtọ́jú ẹ̀ẹ̀mẹfà, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì síra wọn. Wọn kò fi ìrora ṣe òṣùwọ̀n àkọ́kọ́. Bí ẹ̀yìn ríro ṣe ń dí ènìyàn lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ òòjọ́ ni wọ́n wọ̀n, lórí òṣùwọ̀n tó lọ láti òdo dé 100. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ti àwọn tó gba OMT dín ní 4.7, ti àwọn tí wọ́n kàn fọwọ́ bà díẹ̀díẹ̀ dín ní 1.3. Ìyàtọ̀ wà, ó jẹ́ 3.4, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo ọjọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro kò lè fura sí ìyàtọ̀ tó kéré tó báyẹn nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí ìrora fúnra rẹ̀, wọn kò rí ìyàtọ̀ tó ṣe é gbára lé.

Ní ojú tèmi, ohun tó wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni pé OMT kì í ṣe ìtànjẹ fún ẹ̀yìn tó ń ro tipẹ́, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ó lè dín oògùn kù fún àwọn kan, àǹfààní rẹ̀ sì ń kéré sí i bí wọ́n bá ti ń fi í wé ìtọ́jú àfarawé tó dára. Ẹni tí ẹ̀yìn ń ro tí kò lè mú ìtọ̀ dúró mọ́, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ, tàbí tí abẹ́ rẹ̀ kú tipiri, kò gbọdọ̀ lọ jókòó de ìtọ́jú ọwọ́ kankan: ilé ìwòsàn ni kí ó gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Kí ló mú kí ìwádìí lórí ìtọ́jú ọwọ́ ṣòro tó bẹ́ẹ̀?

Nínú ìwádìí oògùn, a lè rọ ìyẹ̀fun lásán sínú kápúsù tó jọ ojúlówó, kí aláìsàn má mọ èyí tí òun gbé mì, kí dókítà tó fún un náà má sì mọ̀. Ọwọ́ kò ṣeé rọ sínú kápúsù. Dókítà tó ń ṣe OMT mọ̀ pé òun ń ṣe é. Ìtọ́jú àfarawé náà sì níláti ní ọwọ́ nínú, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ènìyàn lára ènìyàn kì í ṣe òfo: ẹni tí ara ń ro, tí ẹnì kan tó ní sùúrù jókòó tì, tó bá a sọ̀rọ̀, tó sì gbé ọwọ́ lé ibi tó ń dùn ún, ara rẹ̀ lè fúyẹ́ láìjẹ́ pé oríkèé kankan yí padà. Bí ìtọ́jú àfarawé bá wá ń mú ara yá, ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti OMT yóò kéré. Àwọn alátìlẹ́yìn OMT ní èyí ń fi àǹfààní gidi pamọ́. Àwọn alátakò ní èyí gan-an ló fi hàn pé kì í ṣe ọ̀nà ìtẹ̀ àti ìfà tí wọ́n fi ọdún gbọọrọ kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn méjèèjì ní ẹjọ́. Ẹni tó bá ka ìwádìí lórí OMT tí kò kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé ohun tí wọ́n ṣe fún ẹgbẹ́ kejì kò tíì kà á.

Ìṣòro mìíràn tún wà: dókítà méjì kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ ẹ̀yìn kan náà bákan náà. Bí ìwádìí bá pàṣẹ pé kí gbogbo wọn ṣe ohun kan náà fún gbogbo aláìsàn, wọ́n á ní kì í ṣe bí àwọn ṣe ń ṣe é ní kíníìkì nìyẹn. Bí ó bá sì fún wọn láyè, kò ní í ṣeé tún ṣe níbòmíràn.

Òtútù àyà àti oyún ńkọ́?

Lórí òtútù àyà, ìwádìí tí wọ́n ń pè ní MOPSE ló tóbi jù, ó jáde ní ọdún 2010. Àwọn aláìsàn ọlọ́dún 50 sókè tó wà ní ilé ìwòsàn méje ni wọ́n pín sí mẹ́ta: àwọn kan gba oògùn pẹ̀lú OMT fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, àwọn kan gba oògùn pẹ̀lú ìfọwọ́bà lásán ní àwọn ibi kan náà, àwọn tó kù gba oògùn nìkan. Nígbà tí wọ́n ka gbogbo ẹni tí gègé mú, kò sí ìyàtọ̀ tó ṣe é gbára lé. Nígbà tí wọ́n ka kìkì àwọn tó gba ìtọ́jú náà bí ètò ti là á sílẹ̀, ọjọ́ 3.5 ni àwọn tó gba OMT lò ní ilé ìwòsàn, ọjọ́ 4.5 ni ti àwọn tó gba oògùn nìkan, àwọn tí wọ́n kàn fọwọ́ bà sì wà láàárín ní 3.9. Èsì kejì yìí ni àwọn ẹgbẹ́ DO máa ń gbé sókè nínú ìwé ìpolówó. Èsì àkọ́kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ sọ, nítorí pé àwọn tí kò parí ìtọ́jú lè jẹ́ àwọn tí àìsàn mú jù.

Lórí oyún, ìwádìí PROMOTE tí wọ́n ṣe ní Texas tó jáde ní ọdún 2015 kó 400 aláboyún tó wà ní oṣù mẹ́ta ìkẹyìn jọ. Àwọn tó gba OMT sàn ju àwọn tó gba ìtọ́jú aláboyún lásán lọ ní ti ẹ̀yìn ríro, ṣùgbọ́n wọn kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju àwọn tí wọ́n fi ẹ̀rọ ultrasound àfarawé fọwọ́ bà lọ. Ọ̀rọ̀ àfarawé tí a sọ lókè náà ló tún padà wá síbí.

Ti ìtọ́jú eegun orí ńkọ́?

William Sutherland, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Still, ló mú un wá: pé eegun orí àgbàlagbà ń mì díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ sì lè gbọ́ ọ. Àyẹ̀wò tó jáde nínú PLOS ONE ní ọdún 2016 kó gbogbo ìwádìí lórí rẹ̀ jọ, kò sì rí ẹ̀rí tó dúró, yálà pé àwọn tó ń ṣe é ń gbọ́ ohun kan náà lára aláìsàn kan náà, tàbí pé ó ń wo àìsàn sàn. Ó yà mí lẹ́nu pé ó ṣì wà nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Ṣé àwọn DO fúnra wọn ń lo OMT?

Àwọn tó pọ̀ jù kì í lò ó. Ìwádìí tó jáde ní ọdún 2021 fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí 10,000 DO, 1,683 ló dáhùn. Nínú wọn, ìpín 57 nínú ọgọ́rùn-ún sọ pé àwọn kì í lò ó fún aláìsàn kankan rárá, ìpín 78 sì ń lò ó fún ohun tí kò tó aláìsàn márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Àìtó àkókò, owó tí iléeṣẹ́ ìbánigbófò ń san, àti àìdá ara ẹni lójú wà lára ìdí tí wọ́n sọ. Àwọn tí kò dáhùn ló pọ̀ jù, nítorí náà ẹ má gbé iye náà lérí bí ìwé òfin. Ṣùgbọ́n ó bá ohun tí ojú ń rí mu. DO tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn kò ní ìṣẹ́jú 20 láti fi gbé eegun ìhà.

Èyí ló mú mi sọ pé kí a ya ìbéèrè méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹni tó bá ní OMT kò ṣiṣẹ́ nítorí náà DO kì í ṣe dókítà ń fi ohun tí ọ̀pọ̀ DO kì í ṣe dá wọn lẹ́jọ́.

Ìdánwò wo ni akẹ́kọ̀ọ́ DO ń ṣe, kí ló sì yí padà lẹ́nu àìpẹ́?

COMLEX-USA ni ìdánwò láísẹ́ńsì wọn, ìpele mẹ́ta ni. USMLE ni ti àwọn MD. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, ìpele àkọ́kọ́ USMLE kò ní máàkì mọ́, yálà ènìyàn yege tàbí kò yege ni. COMLEX tẹ̀ lé e ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà. Ìdánwò tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń yẹ ènìyàn tó ń ṣe bí aláìsàn wò, èyí tí wọ́n ń rìnrìn-àjò lọ ṣe ní Philadelphia tàbí Chicago, dáwọ́ dúró nígbà àrùn Kòrónà, wọ́n sì pa á tì pátápátá. Ilé-ẹ̀kọ́ ló ń jẹ́rìí sí i báyìí pé ọmọ mọ aláìsàn yẹ̀ wò. Fún iṣẹ́ tó ń fọ́nnu pé ọwọ́ ni òun fi ń ṣiṣẹ́, ìpàdánù ìdánwò ọwọ́ kì í ṣe ohun kékeré, àwọn olùkọ́ sì ṣì ń wá ohun tí wọn yóò fi dípò rẹ̀.

Ibi tí bàtà ti ń ta akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́sẹ̀ jù ni pé ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe ìdánwò méjèèjì, ti COMLEX tó pọn dandan àti ti USMLE tí kò pọn dandan, nítorí pé àwọn olórí residency kan kò mọ bí wọn yóò ṣe ka máàkì COMLEX. Owó méjì, ìkàwé méjì, àìsùn méjì, fún ìmọ̀ kan náà. Láti ìgbà tí ìpele àkọ́kọ́ kò ti ní máàkì mọ́, máàkì ìpele kejì ni gbogbo ojú ń wò.

Ṣé DO ń rí residency gbà?

Títí di ọdún 2015, residency DO yàtọ̀, ti MD yàtọ̀. Láti ọdún náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n pọ̀ sábẹ́ ACGME, àjọ tó ń fọwọ́ sí residency, wọ́n sì parí rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2020. Ní ìdíje ọdún 2024, ìpín 92.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ DO ló rí ààyè gbà, ti MD Amẹ́ríkà jẹ́ 93.5. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó lọ kàwé lókè òkun jẹ́ ìpín 67. Àwọn tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà tó kàwé lókè òkun, níbi tí àwọn dókítà tó jáde ní Ìbàdàn, Ifẹ̀ tàbí Èkó bọ́ sí, jẹ́ 58.5. Òbí tó ń rò ó bóyá kí ọmọ fi DO sílẹ̀ kó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ MD ní erékùṣù kan ní Karíbíánì níláti fi ojú inú wo iye wọ̀nyí dáadáa. Àmọ́ iye gbogbogbòò ni. Ní ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, awọ ara àti irú wọn, ó ṣì nira fún DO ju fún MD lọ. Ju ìdajì DO lọ ló wà ní ẹ̀ka ìtọ́jú ìdílé, ọmọdé àti àìsàn inú ara.

Ṣé òótọ́ ni pé DO máa ń ṣàánú aláìsàn jù?

Ìpolówó ni wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀ látijọ́, kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Mohammadreza Hojat àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ wọn ẹ̀mí ìbánikẹ́dùn akẹ́kọ̀ọ́ DO 10,751 ní ọgbà 41, èsì rẹ̀ sì jáde nínú Academic Medicine ní ọdún 2020. Ohun tí wọ́n ti ń rí lára akẹ́kọ̀ọ́ MD tipẹ́ ni pé bí ọmọ bá ti wọ wọ́ọ̀dù, tí iṣẹ́ àti àìsùn bá gbá a mú, àánú rẹ̀ máa ń dín kù. Lára àwọn DO, ó dín kù díẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ìdínkù náà kéré débi tí kò já mọ́ nǹkan kan. Ìdánwò lórí ìwé ni, akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń fúnra rẹ̀ sọ bí òun ṣe rí. Ohun tí aláìsàn rí lè yàtọ̀.

Kí ló dé tí ìwádìí wọn fi kéré?

Owó ni. Ilé-ẹ̀kọ́ DO ti lé ní 40, ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo wọn ń rí gbà nínú owó ìwádìí ìlera tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń pín kò tó ìpín kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní ilé ìwòsàn tiwọn, olùkọ́ wọn sì ń kọ́ni ju bí wọ́n ti ń wádìí lọ. Ìwé ìròyìn ìmọ̀ wọn, tó ti wà láti ọdún 1901, yí orúkọ padà sí Journal of Osteopathic Medicine ní ọdún 2021, ẹnikẹ́ni sì lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ṣé bákan náà ni DO àti àwọn tó ń to eegun nílé?

Still fúnra rẹ̀ polówó ara rẹ̀ nígbà kan gẹ́gẹ́ bí atòeegun, nítorí náà ìbéèrè náà kò burú. Ṣùgbọ́n àwọn atòeegun wa ń to eegun tó ṣẹ́, wọ́n ń fi igi dì í. OMT kì í kan eegun tó ṣẹ́ rárá, òfin wọn ni pé kí a má fọwọ́ kàn án. DO tó bá fẹ́ tọ́jú eegun tó ṣẹ́ yóò yàwòrán rẹ̀, yóò sì ṣe ohun tí oníṣẹ́ abẹ eegun ń ṣe.

Ọmọ mi ti gba ìwé ìgbaniwọlé. Kí ni kí a béèrè lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà?

Ẹ béèrè ilé ìwòsàn tí ọdún kẹta àti ìkẹrin yóò ti wáyé, kí ẹ sì gba orúkọ wọn. Níwọ̀n bí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ DO kò ti ní ilé ìwòsàn, wọ́n lè rán ọmọ lọ sí ìlú tó jìnnà, kí ó tún máa kó kiri láti oṣù dé oṣù, owó ilé àti ọkọ̀ yóò sì bọ́ sí ẹ lọ́rùn. Ẹ wo iye akẹ́kọ̀ọ́ tó yege COMLEX lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo àti iye tó rí residency gbà ní ọdún mẹ́ta tó kọjá. Bí ilé-ẹ̀kọ́ náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tí kò tíì ní ẹni tó jáde, kò ní í ní iye wọ̀nyí. Ẹ béèrè bí ọ̀rọ̀ àṣẹ ìdásílẹ̀ rẹ̀ ṣe dúró. Bí ọmọ bá ní i lọ́kàn láti wá ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà lọ́jọ́ iwájú, kí ó kọ̀wé sí MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń fún dókítà ní láísẹ́ńsì ní Nàìjíríà, nísinsìnyí, kí ó sì gba èsì ní kíkọ kí ó tó san owó ìdádúró ààyè rẹ̀.